Ta Ni Ń Ṣiṣẹ́ Nígbà Tí A Bá Ń Sinmi?

 

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan, tí òun náà ń ṣòwò ní Abidjan bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan nígbà tó wálé ọdún Kérésìmesì. Ó ń bá àwọn onígbàgbọ́ kan jọ́sìn tí wọ́n gba Jésù ní Mèsáyà, tí wọ́n sì ń pa àwọn àjọ̀dún Ísírẹ́lì mọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kí òun ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kìíní Àjọ Àgọ́.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Orí 23 ìwé Léfítíkù ya ọjọ́ 7 sọ́tọ̀ lọ́dún, láìka Ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn: ọjọ́ kìíní àti ìkeje Àkàrà Àìwú, Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ Ìfùnpè, Ọjọ́ Ètùtù, àti ọjọ́ kìíní àti ìkẹjọ Àjọ Àgọ́. Ní Ọjọ́ Ètùtù, èèwọ̀ ni iṣẹ́ gbogbo. Ní ọjọ́ 6 yòókù, ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní iṣẹ́ agbára ni èèwọ̀, èyíinì ni làálàá tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Lójú àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí, ìtàn Mèsáyà ni àwọn ọjọ́ náà ń sọ. Ìgbà Ìrékọjá ni a kàn án mọ́ àgbélébùú. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé ìjọ. Ẹni tó bá sì ṣíwọ́ iṣẹ́ ń jẹ́wọ́ pé kì í ṣe agbára ọwọ́ òun ni ó gba òun là. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo sì tún gba ti Pọ́ọ̀lù, ẹni tó kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè pé òjìji ni àwọn àjọ̀dún náà jẹ́, kí a má ṣe tìtorí wọn dá ara wa lẹ́jọ́.

Àríyànjiyàn ọjọ́ ti pẹ́ láàrin wa. Kí ìgbàgbọ́ tó dé ni àwọn baba wa ti ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà. Láti 1914 tí D. C. Babcock ti mú ẹ̀kọ́ àwọn Adventist wá sí Erúnmu nítòsí Ìbàdàn ni a sì ti ń jiyàn lórí Sátidé àti Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sáábà bi ara wa.

Mo bi ọmọkùnrin náà pé, “Bí o bá ti ṣọ́ọ̀bù, níbo ni ọmọ iṣẹ́ rẹ yóò wà?” Ó ní yóò máa to ọjà nínú ilé ìkẹ́rù. Mo ní, “A jẹ́ pé ìwọ nìkan ni o ń ṣọdún.” Orí 16 ìwé Diutarónómì dárúkọ àwọn tí yóò yọ̀ níwájú Olúwa: ọmọ, ìránṣẹ́, àlejò, aláìníbaba àti opó. Ìdí rẹ̀ ni pé Ísírẹ́lì pàápàá ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì.

Kí n má bàa jẹ́ oníwàásù tí kò gbọ́ tirẹ̀: lọ́jọ́ Kérésìmesì kan, mo wàásù lórí ìsinmi. Mo délé, mo bá ọmọbìnrin tí ń gbé lọ́dọ̀ wa nídìí iná. Kò tíì jókòó láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ. Láti ọjọ́ náà, a ti ń se oúnjẹ ọdún sílẹ̀ lálẹ́, a sì jọ ń lọ sí ìsìn.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò lè fi aláìsàn sílẹ̀ nítorí ọdún. Kí a wá ọjọ́ mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń gbé lé ọmọdé àti òṣìṣẹ́ lọ́rùn lọ́jọ́ ọdún ni ó lè dúró di ọ̀la.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ìwé wa yìí, ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ gbé oúnjẹ fún àwọn ìyá ìdáná àti àwọn ọlọ́dẹ ọgbà, kí àwọn náà jókòó. Kí Olúwa fún gbogbo wa ní ìsinmi tòótọ́. Àmín.