Ẹ Má Fi Orúkọ Àìsàn Pamọ́ fún Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kò dùn ún sọ, nítorí pé ẹni tí ń kọ ọ́ ní ìpín nínú àṣìṣe tí ó fẹ́ tọ́ka sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ nígbà ọyẹ́ kan. Ní Ìdànrè wa yìí, ta ni kì í húkọ́ nígbà ọyẹ́? Ẹ̀wà ni ó ń sè tà, igi ni ó sì fi ń dáná láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò fa sìgá rí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kò fà á. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ikọ́ kò lọ, ilé ìwòsàn kan sọ pé ikọ́ ife ni, wọ́n sì fún un ní oògùn olóṣù mẹ́fà. Ó lò ó tán pátápátá. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ń gbẹ sí i, ohùn rẹ̀ há, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ìgbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ohun tí ó wú níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ni wọ́n tó pe èmi àti ọmọ rẹ̀ àgbà sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni, ó sì ti ràn dé egungun ẹ̀yìn.

Nígbà tí a jáde, ó bi mí pé, “Àfáà, kí ni wọ́n pè é?” Mo dá a lóhùn pé òtútù àyà ni. Irọ́ ni mo pa. Mo rò pé àánú ni.

Oṣù mẹ́rin ni ó tún lò. A ń rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀, a ń sunkún lẹ́yìn ilé. Òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ju òtútù àyà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé a kò fẹ́ sọ ọ́, kò béèrè mọ́. Bí a ti sin ín tán, mo dúró níbi sàréè, mo kéde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa pé ẹnikẹ́ni tí òkú bá jẹ ní gbèsè kí ó yọjú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta wá sílé, wọ́n ní àwọn fi owó pamọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ṣéńjì oníbàárà sùn sí òun lọ́wọ́ wá di ẹni tí a ń fi ọ̀rọ̀ owó dá orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ká ní mo sọ òtítọ́ fún un ni, ìbá ti pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbá sì ti sọ àsọsílẹ̀ rẹ̀.

Àrùn yìí kan náà ni ó pa Olóyè Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, agbẹjọ́rò tí àwọn ìjọba ológun tì mọ́lé lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ní ẹni ọdún 71. Ó lówó, ó ní ìmọ̀, síbẹ̀ àrùn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú fún un nílé kí wọ́n tó rí i ní Lọ́ńdọ̀nù pé jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó sọ orúkọ àìsàn náà fún gbogbo ayé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, pẹ̀lú àìsàn náà lára, ó kọ oyè OFR tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi dá a lọ́lá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fi orúkọ rẹ̀ pe ilé àyẹ̀wò àrùn kan ní ìlú Oǹdó. Nígbàkígbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí.

Kò sí jẹjẹrẹ tí ń pa ènìyàn láyé tó ti ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2022 nìkan, ó pa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8. Sìgá ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Èéfín sìgá ẹlòmíràn wà níbẹ̀, atẹ́gùn búburú wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń fura sí èéfín igi ìdáná pẹ̀lú. Dókítà kò lè sọ fún wa pé èéfín ààrò ni ó pa ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n wá kí wa kú àràfẹ́rakù ń béèrè bóyá ó ń fa sìgá ní ìkọ̀kọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ fà á, ṣé ìyẹn ni ìkíni?

Èmi tí mo ń kírun sí òkú lára ní ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti sọ fún mi pé “ikọ́ díẹ̀ ni”! Ikọ́ tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ikọ́ ife wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì ní oògùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò kí wọ́n tó fún yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ara kò sì yá, ẹ má dúró dìgbà tí yóò tán: ẹ béèrè fún fọ́tò àyà. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí kò ṣeé wò sàn mọ́, ìrora ṣì ní ìtọ́jú. Àwọn dókítà kan wà ní UCH ní Ìbàdàn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn. A kò mọ̀ nígbà náà. Ìrora ni ẹ̀gbọ́n mi fi sùn, òun ni ó fi jí.

A kò sọ pé kí ẹ la ọ̀rọ̀ mọ́ aláìsàn lórí. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bí ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ti pọ̀ tó. Bí ó bá béèrè, kí ẹ dá a lóhùn.

A ti san owó fún méjì nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ẹnì kẹta kò gbà á. Ó ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni irú ikọ́ tí ó pa ọ̀rẹ́ òun. Mo sọ ọ́ fún un.