Ọ̀tún Wẹ Òsì, Òsì Wẹ Ọ̀tún

Nígbà tí àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́, iṣẹ́ tí ọwọ́ kan ń ṣe fún èkejì ni wọ́n ń sọ. Ọwọ́ méjì lè jọ wà nínú omi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ọ̀kan kò bá ra èkejì, ìdọ̀tí kò kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Dókítà á dẹ òmíràn, á fún òmíràn le, títí ojú méjèèjì yóò fi kọjú síbì kan náà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹni tí ojú rẹ̀ ti wọ́ láti kékeré ti máa ń pa ohun tí ojú kan ń rí tì, kí ó má baà máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Abẹ kò dé ibẹ̀; ìdárayá ojú ni ọwọ́ kejì tó lè dé ibẹ̀.

Susan Barry, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀ wọ́ láti kékeré, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà èwe rẹ̀. Ojú rẹ̀ gún lójú ẹni tó bá wò ó, síbẹ̀ kò rí bí nǹkan ṣe ń yọ síwájú tàbí jìn sẹ́yìn. Ó di ẹni ọdún 48 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá ojú. Okùn tí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀ sí wà lára irinṣẹ́ rẹ̀: a ó fi orí okùn kan kan imú, a ó so èkejì mọ́ ibi kan, a ó tẹjú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan. Bí ojú méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, okùn yóò dà bíi méjì tó pàdé níbi ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí ọ̀kan bá pòórá, ọpọlọ ti tún pa ojú kan tì nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó rí sítíárìn tó yọ síta gedegbe.

Àwọn dókítà kan á ní ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí, òótọ́ sì ni. Ìwádìí tó lágbára jù tí mo lè tọ́ka sí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, kì í tilẹ̀ ṣe ti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún: àwọn ọmọ 221 tí ojú wọn kò lè pàdé dáadáa láti wo nǹkan tó súnmọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn tàbí tó sunwọ̀n sí i nínú àwọn tí olùtọ́jú ń tọ́ sọ́nà nínú ìdárayá ojú ní ilé ìwòsàn; nínú àwọn tó ń fi pẹ́ńsù ṣe ìdárayá nílé, ìdá 43. Fún èmi, ìyàtọ̀ yẹn sọ ohun pàtàkì kan: ìdárayá láìsí olùtọ́jú kò tó. Ó tún léwu, nítorí ọpọlọ tí kò lè pa àwòrán méjì pọ̀ lè máa rí ohun gbogbo ní méjì bí a bá fipá jí ojú tó ti sùn. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọpọlọ lè pa àwòrán méjèèjì pọ̀. Bí ọpọlọ kò bá lè ṣe é, olùtọ́jú náà kò ní bẹ̀rẹ̀ ìdárayá rárá.