Ẹ Ka Ìwé Kí Ẹ Tó Bá Ará Ṣáínà Dòwò Pọ̀

Ní Accra níbí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi pé oníjìbìtì ni àwọn ará Ṣáínà. Mi ò gbà. Oníjìbìtì wà láàárín wọn bó ṣe wà láàárín wa, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ti rò fún mi, ìwé ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí. Ẹnìkejì mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ẹni tiwa ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà á lálejò ní Guangzhou, wọ́n bọ́ ọ yó, wọ́n pè é ní ọ̀rẹ́, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ẹ wo èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé. Ilé-iṣẹ́ Zhongshan Fucheng láti Ṣáínà ló ń bójú tó àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fa ìwé àdéhùn kan yọ, èyí tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ti jọ fọwọ́ sí ní 2001 láti dáàbò bo owó àwọn olùdókòwò, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn onílàjà ní London. Ní 2021, wọ́n dá wọn láre pẹ̀lú owó tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, láì tí ì ka èlé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2024, kóòtù kan ní Faransé fún wọn láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé bàálù mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló lé wọn, bàálù Ààrẹ ni wọ́n mú! Ẹni tó bá mọ ìwé lò báyìí, ẹ má pè é ní ọ̀rẹ́ lásán.

Lóòótọ́, ẹni tó ń kó kọ̀nténà kan ṣoṣo wọlé láti Tema kò lè lọ bá onílàjà ní London. Owó lọ́yà nìkan yóò jẹ ọjà náà tán. Kó tó sanwó ni kó ti dáàbò bo ara rẹ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára káàdì tí wọ́n fún yín kì í ṣe orúkọ tí ìjọba Ṣáínà mọ ilé-iṣẹ́ náà sí. Èyí tó wà ní èdè wọn ni òfin mọ̀, òun náà ló sì ń wà lára òǹtẹ̀ pupa róbótó tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé. Ẹ béèrè fún ìwé àṣẹ ìṣòwò wọn. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ 18, ó sì ṣe é yẹ̀ wò lórí ojú òpó ìjọba wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àkáǹtì tí wọ́n ní kí ẹ sanwó sí. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abossey Okai sanwó sí àkáǹtì ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WeChat. Nígbà tí ọjà kò dé, ilé-iṣẹ́ náà ní ọmọ náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, àwọn ò sì gba kọ́bọ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá a ṣe sí i. Bí ẹ bá sì ti san ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ rán ẹni tó mọ ọjà kó lọ yẹ ẹrù wò kí ẹ tó san èyí tó kù. Owó tí ẹni náà yóò gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀nténà tó kún fún àlòkù.

Ẹni tó fẹ́ bá wọn dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé onílàjà ni yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó ṣòro kí ìdájọ́ kóòtù Accra tó ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n Gánà, Nàìjíríà àti Ṣáínà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn New York ti 1958, tó ní kí kóòtù wọn máa mú ìdájọ́ onílàjà ṣẹ. Ẹ kọ èdè tí ìwé yóò fi dúró pẹ̀lú, torí pé èdè Ṣáínà ni kóòtù wọn ń lò.

Òwò tó dán mọ́rán kúkú wà. Sinohydro ló kọ́ dáàmù Bui, owó tí China Exim Bank yá Gánà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi kòkó dúró fún un. Ní 2013 ni wọ́n ṣí i, ó sì lè mú mẹ́gáwáàtì 400 iná jáde. A lè jiyàn lórí iye tí wọ́n ná, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní òun ò mọ ohun tí òun fi dúró.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni yíyá orúkọ. Òfin ìwakùsà Gánà ti 2006 fi ìwakùsà kékeré sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Ará Ṣáínà bá gbé ẹ̀rọ wá, ọmọ Gánà gbé ìwé àṣẹ kalẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní alábàáṣepọ̀. Ẹ lọ wo bí omi odò Pra àti Ankobra ṣe dà. Ní 2013, ìjọba lé ará Ṣáínà tó lé ní 4,000 padà sílé, àmọ́ orúkọ tó wà lórí ìwé kò bá wọn wọ bàálù. Òfin ọdún yẹn kan náà ní kí àjèjì tó bá fẹ́ tajà ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ọmọ Gánà 20 síṣẹ́. Àwa Yorùbá mọ òfin yẹn dáadáa, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Circle. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ní ìwé ọmọ Gánà, ni wọ́n ń wá kiri pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé wá bá mi lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní yóò máa gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Mo bi í pé ta ló ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó, ó ní ẹnìkejì òun ni. Mo bi í pé orúkọ ta ni àwọn agbowó-orí máa pè bí gbèsè bá wà, ó dákẹ́. Mo ní kó lọ dá ìwé náà padà lọ́jọ́ yẹn gan-an.