Iṣẹ́ Apòògùn Òyìnbó Nínú Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ Láàrin Mẹ̀kúnnù

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ó máa ń wáyé nígbà tí ara kò bá lè pèsè ínsúlínì tí ó tó, tàbí tí kò bá lè lo èyí tí ó pèsè bí ó ti yẹ. Ínsúlínì yìí sì ni èròjà tí ń mú kí ṣúgà inú oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì wọ inú àwọn ẹ̀yà ara tí yóò fi ṣe agbára. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó máa ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ títí tí yóò fi di ìfọ́jú, àìsàn kíndìnrín, rọpárọsẹ̀ tàbí egbò ẹsẹ̀ tí kì í jinná. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, IDF, ṣírò ní ọdún 2021 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 24 àgbàlagbà ni ó ní àìsàn yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, àti pé ó lé ní ìdajì wọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára àwọn.

Àtọ̀gbẹ kò dà bí ibà tí a lè fi oògùn ọjọ́ mẹ́ta lé lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó bá ní in yóò máa ṣọ́ oúnjẹ, oògùn àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dókítà lè má rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin oṣù méjì sí mẹ́ta, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni wọn yóò sì fi sọ̀rọ̀ nítorí ọ̀pọ̀ èrò tí ó wà nílẹ̀. Ní ti mẹ̀kúnnù tí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá pàápàá ń ni lára, inú àlàfo yìí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Apòògùn òyìnbó, ìyẹn ẹni tí ó kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ó sì gba ìwé àṣẹ, ni ó wà ní ipò láti dí àlàfo náà, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aláìsàn ń padà sí nígbàkigbà tí oògùn bá tán.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ìwòsàn àdúgbò kan tí ń jẹ́ El Rio ti ń tọ́jú àwọn tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn láti ọdún 1970. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkànlélógún bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn náà jẹ́ kí àwọn apòògùn máa rí àwọn alátọ̀gbẹ fúnra wọn lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà: apòògùn lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, ó lè fi kún oògùn tàbí kí ó dín in kù, ó sì ń kọ́ aláìsàn ní ọ̀nà tí yóò máa gbà tọ́jú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọjá agbára rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò darí rẹ̀ sí. Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ bóyá irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń so èso ni èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tí ń fi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, tí a sì ń fẹ́ kí ti ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ má ju 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ní ìlú Asheville, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà kan náà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Láti ọdún 1996 ni ìjọba ìlú náà ti ṣètò pé kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ní àtọ̀gbẹ má san owó oògùn láti àpò ara rẹ̀, bí ó bá ti gbà láti máa rí apòògùn àdúgbò rẹ̀ déédéé. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé owó tí wọ́n ná sórí oògùn lọ sókè nítòótọ́, ṣùgbọ́n àpapọ̀ owó ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan fi 1,200 sí 1,872 dọ́là dín kù lọ́dọọdún, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn sì wálẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó tí a ná sórí oògùn tí a lò bí ó ti yẹ kéré sí owó tí a ó ná nígbà tí kíndìnrín bá ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Àǹfààní apòògùn hàn jù lọ nínú àwọn ohun kéékèèké tí aláìsàn kì í kà sí. Metformin, oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún alátọ̀gbẹ, lè da inú rú ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì pa á tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ara ọ̀pọ̀ wọn yóò gbà á. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ní tirẹ̀ lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù bí ẹni tí ó lò ó kò bá jẹun, ìbáà ṣe nítorí ààwẹ̀ tàbí nítorí àìrówó. Òógùn, ara gbígbọ̀n, ebi òjijì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ni àmì pé ṣúgà ti wálẹ̀ jù. Omi tí a po ṣíbí kékeré mẹ́ta ṣúgà sí ni kí a tètè fún onítọ̀hún, bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò pọ̀ tà lójú títì náà lè ní prednisolone tàbí dexamethasone nínú, àwọn méjèèjì sì máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ìgbàgbọ́ pé ohun kíkorò ń pa ṣúgà inú ara tún ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi. Ìkorò ẹnu kò ní í dá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dúró, àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè ṣàkóbá fún oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni àmàlà ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí àwọn kan ń jẹ láìní ìwọ̀n nítorí pé wọ́n gbọ́ pé oúnjẹ alátọ̀gbẹ ni, máa ń di ṣúgà nínú ara bí ẹ̀bà àti iyán. Ìwọ̀n tí a jẹ àti ẹ̀fọ́ tí a fi jẹ ẹ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní láti mọ̀ pẹ̀lú pé inú fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni èyí tí a kò tíì ṣí ń gbé, pé kò gbọ́dọ̀ di yìnyín, àti pé ọ̀pọ̀ èyí tí a ti ṣí kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 28 lọ. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, apòògùn lè kọ́ ni bí a ti ń fi ìkòkò amọ̀ tútù pa á mọ́.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń ta oògùn ni apòògùn. Ìwọ̀nba oògùn ìrọ̀rùn ni òfin gba oníkẹ́míìsì láyè láti tà, oògùn àtọ̀gbẹ kò sì sí lára wọn. Ilé oògùn tí ó tọ́ yóò ní apòògùn tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lára ògiri, oògùn inú rẹ̀ yóò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn. Láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn, ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun yóò kógbá sílé ní Nàìjíríà, tí oògùn sì ń gbówó lórí, ni ìdánwò láti ra oògùn olówó pọ́ọ́kú ní ẹ̀bá títì tàbí láti máa fo ọjọ́ ti pọ̀ sí i. Ìgbà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí aláìsàn sọ fún apòògùn pé owó kò tó, nítorí pé oògùn tí ó ní èròjà kan náà lábẹ́ orúkọ mìíràn lè wà ní owó tí apá rẹ̀ ká.

Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ fi apòògùn sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ó kéré tán ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mẹ̀kúnnù ń lọ. Ní ti ẹni tí àìsàn náà wà lára rẹ̀, kí ó kó gbogbo oògùn àti àgbo tí ó ń lò sínú àpò kan, kí ó gbé e lọ bá apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó sì bi í ní ohun mẹ́ta: kí ni oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ìgbà wo ni a ń lò ó, àmì wo ni ó yẹ kí ó gbé ni lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò tíì mọ ipò ara rẹ̀, pàápàá tí òbí rẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí oṣù yìí tó parí. Abèèrè kì í ṣìnà. Àtọ̀gbẹ tí a bá tètè mọ̀, tí a sì ń ṣọ́, kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, láti tọ́mọ àti láti dàgbà dárúgbó.