Ọmọ Tó Kúrò Nílé Bàbá: Kí Ni Ká Pe Valkey?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwa náà sì ń fi database tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà àti ẹgbẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá.

Redis ni bàbá Valkey. Database tó máa ń yára gan-an ni. Salvatore Sanfilippo, ọmọ Ítálì, gbé e jáde ní 2009, ẹnikẹ́ni ló sì lè lo kóòdù rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àmọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tó ni Redis yí ìwé àṣẹ padà, wọ́n ká àwọn tó ń ta ìlò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kò. Kí oṣù náà tó parí, Linux Foundation ti kéde Valkey. Amazon, Google àti Oracle wà lẹ́yìn rẹ̀. Redis 7.2.4, tó ṣì wà lábẹ́ àṣẹ àtijọ́, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ń pè é ní "Redis tuntun". Èmi ò gbà. Àṣẹ yẹn fún wọn ní kóòdù, kò fún wọn lórúkọ. Bákan náà ló rí ní 2009 tí Oracle fẹ́ ra Sun, tó ni MySQL. Michael Widenius, ọ̀kan nínú àwọn tó dá MySQL sílẹ̀, mú kóòdù náà, ó sì fi orúkọ Maria, ọmọbìnrin rẹ̀, sọ tuntun ní MariaDB.

Àwọn míì ò tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ Redis rárá. Ìyẹn náà ò dáa. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwé àṣẹ àtijọ́ gan-an ní kí wọ́n má yọ orúkọ àwọn tó ni kóòdù náà kúrò.

Lójú tèmi, báyìí ló yẹ ká máa wí: "Valkey ya lára Redis 7.2.4 ní 2024. Àṣẹ àtijọ́ ló ń lò, àwọn míì ló sì ń tọ́jú ẹ̀." Ká má fi kún un pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní 2025, Redis 8 tún gba ìwé àṣẹ tó ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ Valkey ò padà sílé. Kálukú ń fi tiẹ̀ kún un.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "kò síyàtọ̀", ẹ bi í pé ẹ̀dà wo ló ń sọ, kẹ́ ẹ tó kó àkọsílẹ̀ yín lọ síbẹ̀.