Eku tí ọpọlọ rẹ̀ ń tàn, àti àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé

Nígbà tí ìyá àgbà kan bá gbé síléètì lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi pa òwe fún un pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ẹni náà ń sọ ni pé ọpọlọ àgbà ti gbó, kò lè gba ohun tuntun mọ́. Òwe náà dára fún ìtọ́ni ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi lé àgbà kúrò nídìí ìwé ti ṣì í lò. Ẹ̀rí tó fi èyí hàn wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí: láti inú orí eku.

Ọpọlọ ni ìrántí àti ìmọ̀ ń gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ègé kékeré tí ojú lásán kì í sábà rí. Òun ni a fi mọ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní àwọn ẹ̀ka tó fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Nínú ọpọlọ ènìyàn, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù lọ́nà 86. Ti eku kékeré pàápàá tó mílíọ̀nù 70. Gbogbo wọn lọ́ mọ́ra bí òwú tó ta kókó. Bí gbogbo òwú bá sì jẹ́ àwọ̀ kan náà, ahunṣọ kò lè mọ èyí tó ti ibí dé ọ̀hún.

Ní 1873, Camillo Golgi, oníṣègùn ará Ítálì, rí ọ̀nà láti fi èròjà fàdákà sọ díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà di dúdú. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, lo ọ̀nà yìí láti ya àwòrán wọn. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Ṣùgbọ́n ọpọlọ òkú ni ọ̀nà yìí wà fún. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi wo ọpọlọ ẹ̀dá alààyè nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́.

Inú òkun ni ìdáhùn ti wá. Ẹ̀dá kan wà nínú omi tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí èdè Faransé ń pè ní méduse. Ní 1962, Osamu Shimomura, ọmọ Jàpáánù tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ròyìn èròjà kan nínú irú ẹ̀dá yìí tó ń tàn ní àwọ̀ ewé. Àbùdá ló ń mú kí ara pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀. Àbùdá ni àṣẹ tí òbí ń fi sílẹ̀ nínú ara ọmọ, tó ń sọ bí ara yóò ti rí. Ní 1994, Martin Chalfie àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè mú àbùdá yìí sínú ẹ̀dá mìíràn, kí òun náà sì máa tàn. Àwọn méjì yìí àti Roger Tsien ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008.

Àwọn onímọ̀ fi àbùdá náà sínú eku, kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ lè máa tàn. Ọmọ tí irú eku bẹ́ẹ̀ bá bí lè jogún ìmọ́lẹ̀ yìí. Ní 2007, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Jean Livet, Joshua Sanes, Jeff Lichtman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe eku tí wọ́n pè ní Brainbow, orúkọ tó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ òṣùmàrè. Ìwọ̀nba àwọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì po tirẹ̀ bí aláró ti ń po aró. Oríṣi àwọ̀ tó jáde tó 90. Òwú tó ta kókó di aláràbarà, ojú sì lè tọ ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀.

Èyí tó kan àgbà jùlọ jáde ní 2009. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Santa Cruz lo eku tí díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ń tàn. Wọ́n kọ́ eku náà láti na ọwọ́ gba inú àlàfo tóóró mú hóró oúnjẹ. Láàárín wákàtí kan, wọ́n rí i tí nǹkan tuntun ń rú lórí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì bí ẹ̀hù lára igi. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń gba iṣẹ́ tí èkejì rán sí i. Bí eku ti ń tún iṣẹ́ náà ṣe lójoojúmọ́, àwọn ẹ̀hù tuntun náà ń fìdí múlẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ pẹ́ títí lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀kọ́ parí. Ọpọlọ eku tó ti dàgbà pàápàá rú nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí kò ṣe rí.

Àwọn kan yóò sọ pé eku kì í ṣe ènìyàn, àti pé mímú hóró oúnjẹ kì í ṣe ìwé kíkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2010, Stanislas Dehaene, ọmọ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí wo ọpọlọ ènìyàn 63 láti Bùràsíìlì àti Pọtogí. Àwọn 22 nínú wọn ti dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ìwé. Ìwé kíkà ti yí ọpọlọ àwọn náà padà. Eku fi hàn bí ẹ̀kọ́ ti ń wọ inú ọpọlọ. Àwọn ènìyàn yìí fi hàn pé ọjọ́ orí kò ti ilẹ̀kùn náà.

Àwọn mìíràn yóò béèrè ẹ̀tọ́ eku, nítorí ọ̀pọ̀ irú eku bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa. Ìbéèrè gidi ni. Láti 1959, William Russell àti Rex Burch ti fi ìlànà mẹ́ta lélẹ̀: kí onímọ̀ má lo ẹranko bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí iye tó ń lò má pọ̀, kí ó sì dín ìrora wọn kù. Ó yẹ kí wọ́n pa ìlànà yìí mọ́. Kò sì yẹ kí ìmọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀mí ẹranko rà dúró sínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kedere. Ohun tí a bá ń ṣe léraléra ló ń fìdí múlẹ̀ nínú ọpọlọ. Nítorí náà, kí ẹni tó ti mọ álífábẹ́ẹ̀tì má pa ìwé tì. Kí ọkọ àti ọmọ yọ̀ǹda àkókò fún ìyá tó ń kàwé, kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí àwọn aláṣẹ má sì rò pé iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, nítorí ẹni tó mọ̀wéé kà tí kò rí ohun kà yóò gbàgbé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún pa òwe ìrókò fún àgbà tó ń kọ́ ìwé, èsì wà nílẹ̀: ìrókò tó dàgbà jùlọ nínú igbó ṣì ń rú ewé tuntun lọ́dọọdún.