Ta Ni A Ó Yìn Nítorí Iṣẹ́ Hurricane?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jagun ní ọdún 1940, Spitfire ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí, nítorí pé ó lẹ́wà, ó sì yára. Ṣùgbọ́n Hurricane ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọdún 1935 ni ó kọ́kọ́ fò. Ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́jọ ni ó wà ní apá rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti tún ṣe. Nígbà tí Jámánì gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ojú ọ̀run, ọkọ̀ ọ̀tá tí Hurricane já lulẹ̀ pọ̀ ju ti Spitfire lọ.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Ítálì dara pọ̀ mọ́ Jámánì, ọ̀nà Òkun Mẹditaréníà sì di eléwu. Láti oṣù kẹsàn-án ni a ti ń kó Hurricane tí a tú palẹ̀ sínú àpótí wá sí èbúté Takoradi, ní Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí. Níbẹ̀ ni a ti ń tò wọ́n pọ̀. Wọn kò lè gbé epo tí yóò tó ìrìn máìlì tí ó ju 3,000 lọ. Nítorí náà wọ́n ń bà sí Èkó, Kánò àti Maidúgùrí kí wọn tó la Sùdáànì kọjá dé Íjíbítì.

Àwọn kan yóò wí pé awakọ̀ ni ó fi ẹ̀mí wewu, òun ni ìyìn tọ́ sí. Òótọ́ ni, n kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ta ni ó ru àpótí wọ̀nyẹn? Ta ni ó ṣán igbó, tí ó tẹ́ ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí ibi bà sí? Àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára wọn, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé tí a ti ń ka iye ọkọ̀ ọ̀tá tí ó já. Bí kò bá sí wọn, ìbọn mẹ́jọ náà ì bá dákẹ́ sínú àpótí.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé Àkúrẹ́, bí ẹ bá rí orúkọ ẹni tí ó ṣí ilé ńlá kan lára ògiri rẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tí ó po yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.